Bí ẹ ṣe lè lo ARE dáadáa, látinú gírámà títí dé orí bọ́ọ̀dù Scrabble

Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ jọ̀ọ́ ẹ má fojú ọ̀rọ̀ ọmọ praimárì wo ARE, ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì yẹn, o. Lọ́jọ́ kan èmi àti ẹnì kan jọ ń gbá Scrabble, géèmù tí wọ́n ti ń fi lẹ́tà to ọ̀rọ̀ lórí bọ́ọ̀dù láti gba máàkì, ó ti ń lọ sópin, máàkì wa ò sì jìnnà síra rárá, ló bá mú S kan ṣoṣo, ó lẹ̀ ẹ́ mọ́ ẹ̀yìn ARE tó ti wà lórí bọ́ọ̀dù látìgbà tá a ti bẹ̀rẹ̀, ó di ARES, S yẹn náà ló sì fi bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ mìíì tó lọ sísàlẹ̀. Mo ní kò ṣeé ṣe, ta ló ń fi S sẹ́yìn "are", ṣé wọ́n ń sọ pé "they ares" ni? Mo ní ká yẹ̀ ẹ́ wò. A ṣí díkíṣọ́nárì, ARES wà níbẹ̀ gbangba. Máàkì tí wọ́n yọ lára mi torí ìyẹ̀wò yẹn ló gbé géèmù lọ. Ó dùn mí gan-an, mi ò sì fẹ́ kó ṣẹlẹ̀ sí ẹlòmíì, ìdí nìyẹn tí mo fi jókòó kọ ohun tí mo mọ̀ nípa lẹ́tà mẹ́ta yìí.

Ká bẹ̀rẹ̀ látibi tí gbogbo wa ti mọ̀ ọ́n. I am, he is, they are, a ti kọ ọ́ lórin ní kíláàsì tipẹ́tipẹ́. Ohun tí ọ̀pọ̀ tíṣà kì í sọ ni pé ARE ò ní ọ̀rọ̀ Yorùbá kan pàtó tá a lè fi rọ́pò ẹ̀, ibi tó bá bọ́ sí ló ń sọ ohun tó máa jẹ́. "They are doctors", dókítà ni wọ́n, ẹ rí i pé "ni" ló dúró fún un níbẹ̀. "They are in Ibadan", wọ́n wà n'Íbàdàn, ó ti di "wà". "They are coming", wọ́n ń bọ̀, "ń" kékeré yẹn ló ń ṣiṣẹ́ ẹ̀. Tó bá wá jẹ́ "they are tall", wọ́n ga, kò tiẹ̀ sí nǹkan kan tó dúró fún un mọ́, torí "ga" fúnra ẹ̀ ti tó o fi sọ̀rọ̀. Ibi kẹrin yìí ló máa ń dá àwa Yorùbá láàmú jù. Ọmọ tó ń ronú ní Yorùbá á ní "they tall" torí kò gbọ́ nǹkan kan láàárín "wọ́n" àti "ga", tí tíṣà bá sì ti nà án torí ìyẹn lẹ́ẹ̀mejì mẹ́ta, á wá máa fi ARE síbi gbogbo, á ní "we are agree", "they are know it". Ohun tí mo máa ń ní kí wọ́n ṣe ni pé kí wọ́n gbìyànjú láti fi "will" síwájú ọ̀rọ̀ náà. "We will agree" dùn ún gbọ́, torí náà AGREE lè dá dúró, ẹ má fi ARE tì í. "They will tall" kò dùn ún gbọ́ rárá, torí náà TALL ò lè dá rìn, ó nílò ARE. Kì í kùnà fún irú ọ̀rọ̀ báyìí.

Tó bá jẹ́ ìbéèrè, ARE á sáré bọ́ síwájú, "you are ready" á di "are you ready?" Tiwa rọrùn jùyẹn lọ, ẹ kàn fi "ṣé" síwájú, ó parí, kò sẹ́ni tó kúrò láyè ẹ̀. Ìdí nìyẹn tẹ́ ẹ fi máa ń gbọ́ "you are ready?" lẹ́nu wa pẹ̀lú ohùn tó lọ sókè díẹ̀ nípàárì. Lẹ́nu, kò burú, àwọn gẹ̀ẹ́sì gan-an máa ń ṣe é. Nínú ìwé ni kẹ́ ẹ ti ṣọ́ra.

Ọ̀rọ̀ kan wà tí mo fẹ́ ká dúró lé lórí díẹ̀ torí ó ń kan àwọn ọmọ wa. Ẹ tẹ ọmọ kan láago, ẹ ní bàbá ẹ̀ ńkọ́, á ní "my daddy, they are sleeping." Àwọn kan á rẹ́rìn-ín, èmi kì í rín in o, torí ọmọ tí wọ́n kọ́ nílé ni. Ó mọ̀ pé èèyàn kì í sọ pé "ó ń sùn" fún bàbá ẹni, "wọ́n ń sùn" là ń sọ, ó wá gbé ọ̀wọ̀ yẹn sọdá sínú Gẹ̀ẹ́sì. Gẹ̀ẹ́sì ò ní in níbẹ̀ ni, "he is sleeping" ni, bàbá ì báà jẹ́ ọba. Ṣùgbọ́n ẹ gbọ́ eléyìí o, àwọn náà ti ní irú ẹ̀ rí! Láyé àtijọ́, THOU ni wọ́n ń pe ẹnì kan, YE àti YOU ni wọ́n ń pe èèyàn púpọ̀, bí "o" àti "ẹ" tiwa gẹ́lẹ́. Nígbà tó yá wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í fi YOU pe ẹni ńlá kan ṣoṣo láti fi bọ̀wọ̀ fún un, ó gbilẹ̀, ó gbilẹ̀, títí gbogbo èèyàn fi di ẹni ọ̀wọ̀ tí THOU sì kúrò lẹ́nu wọn, ó wá kù sínú àdúrà àti Bíbélì, irú èyí tí wọ́n tẹ̀ lọ́dún 1611 yẹn, "thou art" ló kún ibẹ̀. Ìdí tẹ́ ẹ fi ń sọ "you are" fún ẹnì kan ṣoṣo lónìí nìyẹn, tí kì í ṣe "you is". ARE ọ̀pọ̀ èèyàn ni, ọ̀wọ̀ ló gbé e wá sọ́dọ̀ ẹnì kan. Tí mo bá ṣàlàyé ẹ̀ báyìí fún ọmọ Yorùbá, kò tún gbàgbé mọ́, torí ó ti mọ irú ẹ̀ látilé.

ARE fúnra ẹ̀ gan-an, àríwá ilẹ̀ Ẹ́ńgíláńdì ló ti bọ̀. Àwọn ará gúúsù ń sọ "they be" tiwọn fún ìgbà pípẹ́ kí ARE tó sọ̀kalẹ̀ wá bá wọn, ẹ ṣì máa rí àjókù ẹ̀ nínú Róòmù orí 13 nínú Bíbélì ayé àtijọ́ yẹn, "the powers that be".

Kíá kíá, àwọn ibi tí ẹsẹ̀ ti máa ń yọ̀: POLICE gba ARE, "the police are here", ì báà jẹ́ ọlọ́pàá kan ló wá. PEOPLE gba ARE. NEWS ò gbà á, bó tiẹ̀ ní S nídìí, "the news is bad" ni. Tẹ́ ẹ bá sì ń kọ̀wé lórí fóònù, YOU'RE ni "you are" tí wọ́n ké kúrú, YOUR ni "tìẹ". THEY'RE, THERE, THEIR náà bẹ́ẹ̀. Tí ọkàn yín bá ń ṣe méjì, ẹ tú u padà sí "you are" kẹ́ ẹ wò ó bóyá ó ṣì nítumọ̀, "you are phone is ringing" ò nítumọ̀, YOUR ni kẹ́ ẹ kọ síbẹ̀ nìyẹn.

Ó wá kan ARES tó gba géèmù lọ́wọ́ mi. ARE kejì yìí ò bá ti àkọ́kọ́ tan rárá, lẹ́tà lásán ló pa wọ́n pọ̀. Ìwọ̀n ilẹ̀ ni. Ẹ fojú inú wo ilẹ̀ tó gùn ní mítà 10, tó fẹ̀ ní mítà 10, gbogbo ẹ̀ jẹ́ 100 square metres, ARE kan nìyẹn, méjì á sì di ARES. Àwọn Faransé ló gbé e kalẹ̀ lọ́dún 1795 nínú òfin kan náà tó gbé mítà, lítà àti gíráàmù kalẹ̀, inú ọ̀rọ̀ Látìn kan náà tó bí AREA ni wọ́n sì ti mú un. ARE 100 ni HECTARE, hẹ́kítà tí àwọn àgbẹ̀ wa ń pè lójoojúmọ́ láìmọ̀ pé ARE wà nínú ikùn ẹ̀. Ká gbé e wá sórí ilẹ̀ tiwa, pulọ́ọ̀tì tí wọ́n ń pè ní 60 by 120 l'Ékòó, ẹsẹ̀ bàtà ni wọ́n fi ń wọ̀n ọ́n, á fún yín ní nǹkan bí 669 square metres, ìyẹn ARE mẹ́fà àti ààbọ̀ ó lé díẹ̀. 50 by 100 tó wọ́pọ̀ láwọn ibòmíì, bíi 465 ni, kò pé ARE márùn-ún. Éékà kan jẹ́ nǹkan bí ARE 40 àti ààbọ̀. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ bá ní ẹbí ní Kétu tàbí Sakété lápá Benin, ẹ wo ìwé ilẹ̀ wọn dáadáa, ẹ máa rí "ha", "a", "ca" tí wọ́n kọ sẹ́gbẹ̀ẹ́ nọ́ńbà, "a" yẹn ni ARE, "ca" ni centiare, square metre kan péré. Ọ̀dọ̀ Faransé ni wọ́n ti jogún ẹ̀. Torí náà tí wọ́n bá ní ilẹ̀ kan jẹ́ 5a, ẹ má rò pé éékà márùn-ún ni wọ́n fẹ́ tà fún yín o, 500 square metres ni!

Ẹ jẹ́ ká wá sídìí Scrabble, ibẹ̀ gan-an lọkàn mi wà.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ jẹ́ ọmọ Nàìjíríà, ẹ ò ní gbàgbé 2015, nígbà tí Wellington Jighere lọ sí Perth nílẹ̀ Ọsirélíà tó sì gba ife-ẹ̀yẹ àgbáyé, ó na Lewis Mackay ará Ẹ́ńgíláńdì ní 4-0 ní àṣekágbá, ọmọ Áfíríkà àkọ́kọ́ tó máa gbà á. Ọ̀kan nínú ọ̀rọ̀ tó fi ṣeré lọ́jọ́ náà ni FELTY, lẹ́tà márùn-ún péré, ó sì mú máàkì 36 wá. Lẹ́yìn náà làwọn oníròyìn òkè òkun wá ń sọ pé àwọn ará Nàìjíríà yìí, ọ̀rọ̀ kúkúrú ni wọ́n fi ń pààyàn. Òótọ́ ni jàre. Ọ̀pọ̀ àwọn tó ń kọ́ Scrabble máa ń sáré lọ há ọ̀rọ̀ gígùn sórí, wọn ò sì mọ ohun tí wọ́n lè fi síwájú ARE. Èmi gbà pé ẹni tó bá mọ ọ̀rọ̀ lẹ́tà mẹ́ta ogún tinú tòde, á na ẹni tó há ọ̀rọ̀ gígùn igba lórí lásán.

Ohun àkọ́kọ́: A máàkì kan, R máàkì kan, E máàkì kan. Mẹ́ta péré nìyẹn, tẹ́ ẹ bá sì fi bẹ̀rẹ̀ géèmù lórí ìràwọ̀ àárín tó ń sọ ọ̀rọ̀ di ìlọ́po méjì, mẹ́fà. Ẹ má ṣe é! Táìlì 100 ló wà nínú àpò, E jẹ́ 12, A jẹ́ 9, R jẹ́ 6, àwọn lẹ́tà tó ń bá gbogbo ẹgbẹ́ rẹ́ nìyẹn, tí wọ́n bá wà lọ́wọ́ yín, ẹ jẹ́ kí wọ́n dúró, kẹ́ ẹ máa lo àwọn tó le lára wọn bíi V àti W àti G kúrò. Ìgbà tó bá yẹ kẹ́ ẹ gbé ARE kalẹ̀ ni ìgbà tí kò ní jẹ́ òun nìkan lẹ máa gba máàkì lé lórí, màá fi bó ṣe rí hàn yín báyìí.

Ẹ jẹ́ ká sọ pé TEN wà lórí bọ́ọ̀dù, ó dùbúlẹ̀. Ẹ gbé ARE sábẹ́ ẹ̀ gẹ́lẹ́, lẹ́tà sábẹ́ lẹ́tà. T àti A á di TA, E àti R á di ER, N àti E á di NE, gbogbo wọn ló wà nínú díkíṣọ́nárì. ARE mẹ́ta, TA méjì, ER méjì, NE méjì, mẹ́sàn-án ti délẹ̀, ẹ ò tíì wá débi àwọn àpótí aláwọ̀ tó ń sọ lẹ́tà di ìlọ́po, tí ọ̀kan nínú táìlì yín bá sì bọ́ sórí irú àpótí bẹ́ẹ̀, ẹ̀ẹ̀mejì lẹ máa gbà á, lẹ́ẹ̀kan lórí ìbú, lẹ́ẹ̀kan lórí òró. Tí abẹ́ TEN bá wá dí ńkọ́? Ẹ gbé ARE gun orí ẹ̀! A àti T á di AT, R àti E á di RE, E àti N á di EN. Ó tún lọ! Mo fẹ́ràn eléyìí débi pé òun ni mo máa ń kọ́kọ́ fi han ẹni tí mo bá ń kọ́, lókè ó gbà, nísàlẹ̀ ó gbà, ọ̀rọ̀ kékeré méjì tó jẹ́ pé bẹ́ ẹ bá ṣe tò wọ́n ni wọ́n á gbà.

Ó kan ohun tí àwọn aṣeré ń pè ní hook, ìyẹn lẹ́tà kan tẹ́ ẹ máa lẹ̀ mọ́ iwájú tàbí ẹ̀yìn ọ̀rọ̀ tó ti wà nílẹ̀. Tiwájú ARE pọ̀ bí omi òjò: BARE, CARE, DARE, FARE, HARE, MARE, PARE, RARE, TARE, WARE, YARE. Mọ́kànlá nìyẹn, ibi gbogbo lágbàáyé ló ti gbà wọ́n. Tó bá jẹ́ díkíṣọ́nárì Collins lẹ̀ ń lò, òun sì ni wọ́n ń lò nílùú wa ní ìdíje, ẹ fi GARE, LARE, NARE, VARE kún un, ó di mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Ẹ má fi àwọn mẹ́rin yìí bá ará Amẹ́ríkà tó ń lo díkíṣọ́nárì tiwọn ṣeré o, á yọ wọ́n dànù. S náà ò ṣeé fi síwájú ẹ̀.

Kí wọ́n má bàa jẹ́ àkọ́sórí lásán, ẹ so ìtumọ̀ mọ́ wọn. FARE ni owó ọkọ̀. WARE ni ọjà títà. HARE jọ ehoro, MARE ni abo ẹṣin, PARE ni kéèyàn máa bó èèpo, bíi tọsàn. NARE ni ihò imú, ọ̀rọ̀ àtijọ́ ni. YARE ni ẹni tó yá lára, tó ti múra tán. TARE ni mo fẹ́ràn jù nínú wọn torí méjì ni. Ẹ̀yin ọmọ Sunday School, ẹ rántí ọ̀tá tó lọ fún èpò sínú àlìkámà lóru nínú Mátíù orí 13, èpò yẹn ni TARES nínú Bíbélì Gẹ̀ẹ́sì. Èkejì, ẹ jẹ́ kí tírélà tó gbé kọ̀ntẹ́nà bọ̀ láti Àpápá dúró síwájú yín nínú gòsíló, ẹ wo ilẹ̀kùn ẹ̀yìn kọ̀ntẹ́nà náà, ẹ máa rí TARE tí wọ́n kọ síbẹ̀ gàdàgbà pẹ̀lú kílò, ìwọ̀n kọ̀ntẹ́nà nìyẹn lófìfo, kí wọ́n tó kẹ́rù sí i. Mi ò tún gbàgbé TARE mọ́ látọjọ́ tí mo ti rí i lójú ọ̀nà.

Bí wọ́n ṣe ń fi hook gba máàkì rèé. ARE wà nílẹ̀, ẹ fẹ́ kọ WITH. Dípò kẹ́ ẹ kọ ọ́ síbòmíì, ẹ jẹ́ kó lọ sísàlẹ̀ kí W ẹ̀ bọ́ síwájú ARE gẹ́lẹ́. WITH fún yín ní 10, WARE fún yín ní 7, 17 nìyẹn láìsí àpótí aláwọ̀ kankan. Tí W bá wá bọ́ sórí double letter, mẹ́rin ẹ̀ á di mẹ́jọ nínú WITH, á tún di mẹ́jọ nínú WARE, 25! Lẹ́tà tó bá wọ́n ni kẹ́ ẹ wá fún iwájú ARE, F, H, V, W, Y, mẹ́rin mẹ́rin ni gbogbo wọn.

Ẹ̀yìn ẹ̀ wá ńkọ́? A wọlé, AREA, S wọlé, ARES. Collins tún gba ARED, AREG, ARET àti AREW. AREG yẹn, aṣálẹ̀ oníyanrìn ni, ọ̀kan ẹ̀ ni ERG, ẹ máa rí i pé G tó ń yọ yín lẹ́nu ti ríbi lọ. Nípa S, ẹ fara balẹ̀ o, mẹ́rin péré ló wà nínú àpò, ARES nìkan sì jẹ́ máàkì mẹ́rin, ẹ má torí ìyẹn ná an. Àfi tí S yẹn bá máa bẹ̀rẹ̀ tàbí parí ọ̀rọ̀ ńlá mìíì bí ẹni yẹn ṣe ṣe fún mi.

Tí ẹlòmíì bá ti gbé ARE kalẹ̀ tí ẹ̀gbẹ́ bọ́ọ̀dù ò sì jìnnà, ẹ má wo lẹ́tà kan ṣoṣo, ẹ wo bóyá ẹ lè tò ó gùn: SHARE, SPARE, STARE, COMPARE, ARENA. Tí Q àti U àti S bá wà lọ́wọ́ yín, SQUARE á gbà yín lọ́wọ́ Q, 15 kó tó di pé àpótí kankan dá sí i. Èyí tí mo ń gbàdúrà pé kó ṣẹlẹ̀ sí mi lọ́jọ́ kan ni HECTARE, kí ARE ti wà nílẹ̀ lórí ìlà àkọ́kọ́, kí H mi bọ́ sórí àpótí pupa tó wà ní igun, tó ń sọ ọ̀rọ̀ di ìlọ́po mẹ́ta, T á bọ́ sórí double letter, lẹ́tà méje yẹn á jẹ́ 13, ìlọ́po mẹ́ta ẹ̀ jẹ́ 39, táìlì mẹ́rin péré ni mo lò.

Ẹ má sì gbàgbé pé A, R, E lè yí padà. EAR àti ERA ni wọ́n, lẹ́tà kan náà, ṣùgbọ́n ilẹ̀kùn tí wọ́n ń ṣí yàtọ̀. EAR gba B, D, F, G, H, L, N, P, R, S, T, W, Y níwájú, ó gba L àti N àti S lẹ́yìn. ERA ò ní ilé ẹrù bẹ́ẹ̀, SERA níwájú, ERAS lẹ́yìn, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tán. Torí náà tó bá jẹ́ pé ẹ̀yin lẹ̀ ń léwájú, tẹ́ ẹ ò fẹ́ kí ẹnì kejì ráyè sún mọ́ yín, ERA ni kẹ́ ẹ gbé kalẹ̀. Tó bá jẹ́ pé ẹ̀yìn lẹ wà, tẹ́ ẹ ń wá ojú ọ̀nà, ARE tàbí EAR ni. Táìlì kan náà, máàkì kan náà, mo ti rí géèmù tó jẹ́ pé ibi yíyàn yìí ló ti bàjẹ́.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń ta Wordle láràárọ̀ lórí fóònù, géèmù tẹ́ ẹ ti ń wá ọ̀rọ̀ lẹ́tà márùn-ún láàárín ìgbìyànjú mẹ́fà, eléyìí tí New York Times rà ní 2022, ARE náà ní páńpẹ́ tó dẹ sílẹ̀ fún yín. Ẹ ti rí àpótí mẹ́ta tó kẹ́yìn ní àwọ̀ ewé, ìyẹn ni pé lẹ́tà náà wà láyè ẹ̀, A-R-E, S náà ti tutù yọ̀yọ̀ níwájú, inú yín ń dùn, ẹ kọ SHARE, kì í ṣe é, ẹ kọ SPARE, kì í ṣe é, ẹ kọ STARE, ẹ kọ SCARE, ìgbìyànjú mẹ́fà ti tán, SNARE ló wà níbẹ̀. Ẹ dúró. Ẹ má dán wọn wò lọ́kọ̀ọ̀kan. Ẹ kọ PINCH! Mo mọ̀ pé PINCH ò lè jẹ́ ìdáhùn, kì í ṣe torí ìyẹn lẹ ṣe ń kọ ọ́, torí P, N, C àti H ló wà nínú ẹ̀ ni. Èyí tó bá mú àwọ̀ wá nínú wọn ló ń sọ ìdáhùn fún yín, P ni SPARE, N ni SNARE, C ni SCARE, H ni SHARE, tí gbogbo wọn bá sì ṣú, STARE ni. Ìgbìyànjú kan, ọ̀rọ̀ márùn-ún ti yanjú. Bẹ́ẹ̀ náà ni tó bá jẹ́ LARE ló ti tutù, tẹ́ ẹ ò mọ̀ bóyá BLARE ni àbí FLARE àbí GLARE, ẹ kọ BRIEF, ẹ wo B, ẹ wo F, tí méjèèjì bá ṣú, GLARE. Àwọn tó ń lo hard mode nìkan ni ò lè ṣe é, torí wọ́n gbọ́dọ̀ máa gbé lẹ́tà tí wọ́n ti rí lọ síbi gbogbo, ìdí nìyẹn tí èmi kì í fi tẹ̀ ẹ́.

Ọ̀rọ̀ ti crossword ò pọ̀. Tẹ́ ẹ bá rí "exist" tàbí "land measure" tàbí "100 square metres" pẹ̀lú àpótí mẹ́ta, ẹ kọ ARE, ẹ máa lọ. Nínú àwọn cryptic, ìyẹn crossword tí ìbéèrè ẹ̀ dà bí àlọ́, ni wọ́n ti máa ń fi ARE pa mọ́. Mo ṣe ọ̀kan fún yín fúnra mi: "Quiet live stock", lẹ́tà márùn-ún. Ọkàn yín á ti lọ sọ́dọ̀ ewúrẹ́ àti àgùntàn. Ẹ kó ọkàn yín kúrò níbẹ̀. QUIET ni SH, bá a ṣe ń ní kí ọmọ dákẹ́. LIVE ni kéèyàn máa bẹ láyé, ARE. Ẹ so wọ́n pọ̀, SHARE, òun náà sì ni STOCK, irú èyí tí wọ́n ń rà nílé iṣẹ́.

Tẹ́ ẹ bá délé lálẹ́ òní, ẹ yọ A, R, E sílẹ̀ látinú àpò Scrabble yín, ẹ fi T, I, N, S kún un, ó pé méje. Tẹ́ ẹ bá lo méjèèje lẹ́ẹ̀kan náà, máàkì 50 ni bónọ́ọ̀sì yín lọ́tọ̀. RETAINS wà níbẹ̀, RETINAS, NASTIER, STAINER. Ẹ wá mẹ́ta mìíì tí díkíṣọ́nárì gbogbo ibi gbà: ọ̀kan jẹ́ wáìnì ilẹ̀ Gíríìsì, ọ̀kan jẹ́ ọ̀rá tí wọ́n fi ń ṣe àbẹ́là, ẹ̀kẹta, ẹni tí ara ẹ̀ ò balẹ̀ rárá ju ẹlòmíì lọ. Ẹ máa yí táìlì yẹn kiri títí ìrẹsì á fi jiná, ẹ máa rí wọn.